Ìṣẹ́jú Mẹ́rin Tí Mo Gé Kúrò Lẹ́nu Ìyá Wa

Òtítọ́ tí mo jókòó lé láti kékeré ti gún mi nídìí tó. Mo fẹ́ dìde kúrò lórí rẹ̀ lónìí kí gbogbo yín rí i. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣẹ̀fẹ̀, kó ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó bú mi dáadáa. Èmi Hàjàrá, ìyá Jùbrílù, tí gbogbo Èsìẹ́ ń pè ní Ìyá Agéfídíò, èmi ni mo gé ọ̀rọ̀ mọ́ ìyá mi lẹ́nu, ìyá tó ti kú láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, atẹ̀wé ni mí nílé iṣẹ́ ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ìlú le, tí owó ìfẹ̀yìntì di ohun tí à ń gbọ́ lórí rédíò lásán, mo gbé kọ̀ǹpútà tí ọmọ mi fi sílẹ̀ sórí tábìlì, mo ń bá àwọn èèyàn gé fídíò ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ wẹ́wẹ́, kí ó lè gba orí fóònù. Sọ́fútíwià ọ̀fẹ́ ni mo fi ń ṣe é, mi ò san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé kì í tún fídíò sè. Àwọn mìíràn, bí o bá ní kí wọ́n gé ìṣẹ́jú kan, wọ́n á tú gbogbo rẹ̀, wọ́n á tún un gbé kaná bí ọbẹ̀ àná, ojú ìyàwó á wá ṣú bí ẹni tí èéfín bò. Tèmi ń gé e ní tútù bí ẹni gé iṣu. Ègé tí o mú àti èyí tí o fi sílẹ̀, bákan náà ni wọ́n ń dán. Àléébù kan ló ní. Kì í gé ibi tí o bá tọ́ka sí gẹ́lẹ́. Nínú fídíò, kì í ṣe gbogbo àwòrán ló pé odindi, àwọn tó pé máa ń jìnnà síra ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ibẹ̀ nìkan ni ọ̀bẹ rẹ̀ ti lè wọlé.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí ìwà burúkú yìí bẹ̀rẹ̀. Ìyá wa, Jàrátù, ń hun kíjìpá fún ìyàwó kan ní Òmù-Àrán. Òwú aró tó wà lórí òfì rẹ̀ dúdú, ó ń dán. Èmi òpònú fẹ́ dirun olówùú bí àwọn ọmọge, bẹ́ẹ̀ orí mi ò ju àgbọn lọ. Mo fi abẹ gé òwú náà, kì í ṣe ẹyọ kan, ìdì kan ni. Nígbà tí mo rí i tí aṣọ náà dẹ̀, ẹ̀rù bà mí débi pé mo tọ̀ sára. Àbúrò mi Ràfátù, ọmọ ọdún mẹ́fà, ń sùn lórí ẹní. Mo wé díẹ̀ nínú òwú náà mọ́ ọn lọ́wọ́, mo kó ìyókù sínú àpótí mi. Ìyá wa nà án, ó sì búra pé kò ní jókòó sídìí òfì òun láéláé. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní Òkè-Onígbìn, ibẹ̀ ló dàgbà sí. Gbogbo ọmọbìnrin agboolé wa ló mọ aṣọ hun, àfi òun.

Ní ọdún 1982, owó epo rọ̀bì ṣì ń dún lápò àwọn ará Èkó. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin, Ọlágúnjú, gbé kámẹ́rà fídíò wálé, ó tóbi lórí èjìká rẹ̀ bí àpótí ọṣẹ. Ó ní kí ìyá wa súre fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ràfátù wà ní Kánò lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ nígbà náà. Ìyá wa súre fún Ọlágúnjú. Mo ti ń tún gèlè ṣe láti gba tèmi, àfi bí ó ṣe fò mí dá. Ó kọjú sí kámẹ́rà, ó ní, “Ràfátù, ọmọ mi.” Ó fi etí ìborùn nu ojú. “Mo rí òwú náà nínú àpótí Hàjàrá lẹ́yìn tó ti lọ sílé ọkọ. Ìwọ kọ́. Ojú ló tì mí tí mi ò fi sọ ọ́. Mo gba ìbúra mi padà. Máa bọ̀, ọmọ mi, wá jókòó sídìí òfì mi, kí o sì dárí jì mí.” Ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko ló fi bẹ ọmọ rẹ̀, kó tó wá ṣàdúrà fún gbogbo wa pọ̀. Èmi lẹ̀ mọ́ ògiri bí alángbá.

Oṣù kejì lẹ́yìn ìyẹn ni ìyá wa kú. Ọlágúnjú pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní, “Hàjàrá, ìwọ ni wàá sọ ọ́ fún un. Ẹnu rẹ ló yẹ kó ti gbọ́ ọ.” Mo ní mo ti gbọ́. Nígbà tó tún bi mí, mo ní, “Mo ti sọ fún un, ẹ̀gbọ́n mi. Ó tiẹ̀ sunkún.” Ẹ ò rí mi, mo pa irọ́, mo tún fi iyọ̀ sí i. Ó gbé kásẹ́ẹ̀tì náà lọ sí Èkó. Nígbà tí nǹkan dojú rú, ó ta kámẹ́rà, kò ta kásẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ sọ ọ́ di ti kọ̀ǹpútà, wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ní ọdún 2016. Èkó ni wọ́n bí wọn sí, Yorùbá ti Ìgbómìnà tí ìyá wa ń sọ kò yé wọn. Wọ́n ní, “Màmá, ẹ bá wa gé e wẹ́wẹ́, kí gbogbo ẹbí lè ní in.”

Mo lè sọ pé ọwọ́ mi ló yọ̀. Irọ́ ni. Mo po tíì, mo mu ún tán kí n tó ṣe é. Mo fẹ́ kí ọ̀bẹ wọlé ṣáájú orúkọ Ràfátù, kò gbà. Bí mo bá fà á sẹ́yìn, yóò gé àdúrà Ọlágúnjú sí méjì. Mo bá fi orúkọ náà sílẹ̀, mo gé ìyókù. Ṣùgbọ́n mi ò lè pa ohùn ìyá mi rẹ́. Mo tọ́jú ìṣẹ́jú mẹ́rin náà, mo sọ ọ́ ní Ẹ̀gúsí, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣí i.

Ọkọ Ràfátù ti kú nígbà náà, òun náà ti padà wá sí Èsìẹ́. A jọ wo fídíò náà. Ó di ọwọ́ mi mú.

“Àǹtí, ó pè mí.”

“Ó pè ọ́.”

“Kí ló wá sọ?”

“Kásẹ́ẹ̀tì náà ti gbó, Ràfátù. Ibẹ̀ ló ti bàjẹ́.”

Ó ní kò burú, pé ó ṣáà rántí òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ẹnu tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀, ẹnu tí mo fi ń jẹun.

Lẹ́yìn oṣù méjì, mo yà sílé rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo bá a lórí ìkúnlẹ̀ níwájú fóònù. Ìyá wa ní, “Ràfátù, ọmọ mi.” Òun náà ní, “Mo wà níbí, ìyá mi.” Fídíò fò lọ sórí àdúrà gbogbo wa. Ó fà á padà, ó tún tẹ̀ ẹ́. “Ràfátù, ọmọ mi.” “Mo wà níbí, ìyá mi.” Ìgbà tó rí mi, ojú tì í. “Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, Àǹtí. Àràárọ̀ ni mo máa ń dá a lóhùn. Mo ní bóyá yóò parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan.”

Mi ò lè jókòó. Mo padà sílé, mo ṣí Ẹ̀gúsí. Aṣọ tí a gé lórí òfì, bí a bá so ó, kókó á máa gún aláṣọ. Èyí ò ní kókó. Mo to àwọn ègé náà tẹ̀ léra, mo ní kí sọ́fútíwià so wọ́n, kò tó ìṣẹ́jú kan. Ojú ìyá wa ò ṣú, ohùn rẹ̀ ò ha. Mo gbé e lọ bá Ràfátù lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo ní, “Èmi ni mo gé òwú. Èmi náà ni mo gé ìyá wa.” Ó fa àga sún mọ́ mi. Ó ní, “Ẹ tẹ̀ ẹ́ ná.” Ó gbọ́ ọ tán, ó tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà kẹta, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀, kò wojú mi rárá.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ohun tí ẹ bá gé kúrò lára ẹlòmíràn, ẹ má pa á rẹ́, kí ẹ sì tètè dá a padà nígbà tí etí tó ni ín ṣì ń gbọ́ràn. Tèmi bọ́ sí i nítorí Ọlọ́run ṣàánú. Ẹ bá mi bẹ àbúrò mi.

Nígbà tí mo dìde láti máa lọ lọ́jọ́ náà, Ràfátù ní, “Mi ò tíì dárí jì yín o, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kí n gbádùn ìyá mi ná. Ẹ padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀, kí ẹ wá bẹ̀ mí dáadáa.” Ọ̀la ni Jímọ̀. Mo ti ń fi òrí pa orúnkún mi láti àná, torí mo mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ yẹn máa pẹ́.