Ẹ̀wù Tó Tàn Nínú Bàsíà

Ẹ má wulẹ̀ ní kí n jókòó, ọ̀gá ọkọ mi, mi ò bá ti ìjókòó wá! Ọwọ́ mi ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ má gbójú sá. Èmi onídìrí! Lánàá ni ọmọ mi jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi kí n dìrun fún un, kọ́ọ̀mù bọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò mọ̀ pé ó ti bọ́. Ìka wo ni mo fẹ́ fi jẹun báyìí? Ẹ dá mi lóhùn!

Ẹ̀n-ẹ́n, mo mọ̀ pé ẹ ó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ìfọṣọ láàbù yín bà jẹ́, ẹ wá ní kí kálukú máa gbé ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ lọ fọ̀ nílé. Ṣé èmi wá ni ẹ̀rọ tí kì í bà jẹ́?

Ọkọ mi gbé ẹ̀wù funfun dé, omi tí ẹ ń pò níbí, èyí tó máa ń tàn láìsí iná, ti dà sí i lápá méjèèjì. Ó ní òun bi yín, ẹ ní tó bá ti gbẹ, agbára rẹ̀ ti tán. Agbára rẹ̀ ti tán! Mo bá rẹ ẹ́ sínú bàsíà ní balùwẹ̀, níbi tí gílóòbù ti jó, mo rọ bílíìṣì lé e kó lè mọ́. Olúwa ló gbọ́, omi náà tàn! Ó tàn búlúù láàárín ìka mi. Ọmọ mi sáré wá, "Màámi, ẹ jẹ́ n fọwọ́ kàn án!" Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Kì í ṣe pé mo gbọ́n o, aṣọ ilé-ìwé ló wà lọ́rùn rẹ̀, mi ò fẹ́ kó tutù ni. Ẹlẹ́dàá ọmọ yẹn ò sùn.

Ẹ ní kí ló dé tí mi ò tètè yọwọ́? Ẹ gbọ́ ìbéèrè! Kò ta mí! Ṣe ló ń yọ̀ lọ́wọ́ mi, mo rò pé ọṣẹ ni kò tíì ṣàn tán, mo bá tún ń fọ̀ ọ́, mò ń fọ̀ ọ́. Àṣé awọ ara mi ló ń yòrò, ọ̀gá. Nọ́ọ̀sì ló ṣàlàyé fún mi pé sódà wà nínú ẹ̀, sódà tó ń jẹ ẹran ara. Ó gbẹ ni, kò kú. Omi ló tún jí i.

Ẹ gbé "ẹ pẹ̀lẹ́" yín pamọ́. Ṣé "ẹ pẹ̀lẹ́" ló máa dìrun fún àwọn oníbàárà mi?

Ẹ̀wù mìíràn tẹ́ ẹ tún dì fún ọkọ mi lánàá rèé nínú ọ̀rá, lẹ́yìn gbogbo ohun tójú mi rí. Mo dà á sórí tábìlì yín báyìí. Ó ti gbẹ o, apá rẹ̀ le koko. Ẹ gbé e lọ fún ìyàwó ilé yín kó fọ̀ ọ́. Ẹ gbé e! Kí lẹ ń fà sẹ́yìn fún? Ṣebí agbára rẹ̀ ti tán?

Kí lẹ ń wá nínú àpótí tábìlì? Yéè! Ìbọ̀wọ́! Odindi páálí ìbọ̀wọ́! Hà-hà-hà! Ọkọ mi ní ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ yín pé ó ti tán.

Ẹ wọ̀ ọ́, ọ̀gá. Tọwọ́ méjèèjì ni kẹ́ ẹ wọ̀.