Pèrègún Tó Wà Láàárín Oko Bàbá Làmídì

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́rùn mi tí mi ò lè gbé mọ́. Mò ń kọ ọ́ sí yín báyìí nítorí pé Bàbá Làmídì ti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, gbogbo Àpòmù sì ń pè é ní olè ilẹ̀. Kì í ṣe olè.

Kí n tó lọ sí yunifásítì, mo ṣe ògbufọ̀ fún òyìnbó àgíríkì kan. Ìjọba rán an wá láti kọ́ àwọn olóko bí òjò ò ṣe ní máa gbá ilẹ̀ wọn lọ sódò. Ó ní kí wọ́n gbin igi wẹ́wẹ́ bí ọgbà dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ oko, kí wọ́n sì fi igbó etídò sílẹ̀ fún omi àti ẹranko. Bàbá Làmídì, tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, nìkan ló gbà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ibi tí mo ti ṣẹ̀. Òyìnbó ò dárúkọ igi kankan. Ó ní èyíkéyìí tó bá tètè hù. Èmi ni mo ní kó jẹ́ pèrègún, torí ó pọ̀ lóko wa, mo sì fẹ́ tètè lọ sílé. Bàbá Làmídì bú sẹ́rìn-ín.

"Akọ̀wé, pèrègún láàárín oko ara mi? Ṣé kí n máa bá ara mi pààlà ni?"

"Bàbá, òyìnbó ló sọ bẹ́ẹ̀."

Irọ́ ni. Bàbá Làmídì gbìn ín. Odò ò gbẹ mọ́ lẹ́ẹ̀rùn, etu ń wá mumi níbẹ̀. Òyìnbó padà sílùú rẹ̀, kò fi ohun tó ṣe han baálẹ̀ kankan.

Nígbà tí pèrègún dàgbà, àbúrò bàbá mi ní ààlà wa nìyẹn, pé láti ibẹ̀ dé odò, tiwa ni. Ó pẹjọ́. Àwọn adájọ́ kóòtù ìbílẹ̀ wá wo pèrègún, wọ́n ń mi orí pé ààlà ni lóòótọ́. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni tó ń ro oko nítòsí. Èmi nìkan ni wọ́n bi pé ta ló gbìn ín.

Mo ní mi ò mọ̀. Àbúrò bàbá mi, tó ń rán mi nílé ìwé, jókòó tì mí, ó ń fọwọ́ tẹ orúnkún mi.

Bàbá Làmídì fò dìde. "Wàláì, ẹnu ọmọ yìí ló ní kí n gbìn ín!"

Wọ́n ní kó jókòó, wọ́n sì dá àbúrò bàbá mi láre.

Àbúrò bàbá mi ti ṣán igbó etídò tán, ó gbin kòkó síbẹ̀. Odò ti di ẹrẹ̀. Bàbá Làmídì ń ṣe lébìrà lóko olóko. A pàdé ní Ìkirè lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ṣí fìlà fún mi, fún èmi tó lè bí lọ́mọ!

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ògbufọ̀. Kí ni òyìnbó tún ní ká gbìn?"

Òyìnbó ò bìkítà, àwọn adájọ́ ya ọ̀lẹ, àbúrò bàbá mi jalè. Irọ́ méjèèjì, èmi ni mo pa wọ́n.

Mo ti sọ fún àbúrò bàbá mi pé n ó sọ òtítọ́ ní kóòtù. Ó ní lọ́jọ́ náà gan-an, kí n wá kó ẹrù ìyá mi kúrò nílé òun. Ìyá mi ò mọ nǹkan kan. Ó ṣì ń se oúnjẹ fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n gbàdúrà. Ẹ sọ bí mo ṣe máa là á yé ìyá mi kó tó di ọjọ́ ẹjọ́.

Bàbá Làmídì, bí wọ́n bá kà á sí yín létí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sí kóòtù. Bí wọ́n bá tún ní kí ẹ jókòó, ẹ má jókòó.