Kápúsù Happiness

Àrìnpé ní òun ò ní gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sọ́run. Èémí rẹ̀ ò délẹ̀ mọ́, ó sì mọ̀ pé ọjọ́ òun ò jìnnà. Ó ní kí Olówòkéré ọmọ òun jókòó, kí Happiness ọmọ ọmọ òun náà jókòó, kó na ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tó kúrú ju èkejì lọ.

Nígbà tí ojúgun Happiness kọ́kọ́ wú, tí ibà sì dá a dùbúlẹ̀, Beauty ìyá rẹ̀ ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ya fọ́tò eegun ẹsẹ̀ náà, ó ní ọyún ti wọ inú eegun. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n kó kápúsù lé Beauty lọ́wọ́, wọ́n ní bí ọmọ bá tilẹ̀ ń sáré kiri, kó lò ó tán.

Ó sì sáré kiri lóòótọ́. Ohun tó tan Àrìnpé jẹ nìyẹn. Ẹ̀gún ẹja àrọ̀ ti gún Olówòkéré lọ́wọ́, kò lè fa àwọ̀n, ebi sì wọlé dé. Ta ni ò mọ̀ pé ìyẹ̀fun inú kápúsù ń gbẹ egbò? Bí Beauty bá ti lọ yan ẹja, tó fi oògùn ọmọ síkàáwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, Àrìnpé á tú kápúsù sójú egbò Olówòkéré, á ní òun rà á lọ́wọ́ olóògùn inú ọkọ̀ ni. Kí ẹnikẹ́ni má dá òun láre, ó ní. Ọmọ òun nìkan lòun rí.

Ẹsẹ̀ Happiness tún wú, ó bẹ́, èérún eegun ń jáde lójú egbò. Dókítà ní wọn ò lo oògùn pé. Olówòkéré ní Beauty fẹ́ pa ọmọ òun, ó lé e padà sí Abereke, ìlú àwọn òbí rẹ̀. Àrìnpé panu mọ́.

Ó wá kúnlẹ̀ níwájú ọmọdé náà, ó di ògiri mú.

“Happiness, èmi ni mo ní kó o máa sọ fún màmá ẹ pé o ti gbé e mì. Irọ́ ẹ kọ́ ló ba ẹsẹ̀ ẹ jẹ́. Irọ́ tèmi ni. Dárí jì mí. Bí àgbà bá ní kó o purọ́, má gbà, ìbáà jẹ́ èmi.”

Ọmọ náà sunkún títí. Látọjọ́ yìí, ara rẹ̀ ló ti ń dá lẹ́bi.

“Màmá àgbà,” ó ní, “ẹ wá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún màmá mi.”

Olówòkéré ní òkun ń ru, ìyá òun lè má dé Abereke láàyè. Àrìnpé ní kí wọ́n gbé òun sínú ọkọ̀.