Ojú Bàbá Tólú Lójú Ọ̀nà Ìyìn

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ná. Orúnkún mi ò gbádùn, ẹ ti mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè dúpẹ́ tòní lórí ìdúró. Bàbá, mo dúpẹ́. Jésù, o ṣé. Ẹni tó bá mọ ohun tí Ó ṣe fún mi á bá mi kúnlẹ̀. Ó tó báyìí, ẹ gbé mi dìde. Ẹ ṣé, Ìyá Ìjọ.

Ọ̀pọ̀ yín mọ̀ mí sí Tíṣà. Kíláàsì kejì ni mò ń kọ́ níbí, ní Òkè-Ìlá, ní Adó. Ọkọ mi nìyẹn lórí bẹ́ǹṣì kẹta, ẹni tó wọ gíláàsì tó ń wolẹ̀ yẹn, Bàbá Tólú. Ojú ń tì í. Mo gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó jáde síbí, ó ní kí n sọ gbogbo rẹ̀, kí n má fi ọ̀kan pamọ́. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú tí ẹ bá ń gbọ́ "ó" àti "ìwọ" lẹ́nu mi. Ìgèdè la ti jọ dàgbà, odò kan náà la ti jọ pọn omi, a ò mọ bí a ṣe ń pe ara wa ní "ẹ".

Awakọ̀ ni ọkọ mi. Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, bọ́ọ̀sì ló fi ń bọ́ wa. Gáréèjì Fájuyì ló ti ń gbé èrò, ó ń já wọn sí Ìyìn, ó ń já wọn sí Ìgèdè, ó sì ń kó àwọn mìíràn bọ̀. Àwọn ìyá àgbà ibẹ̀ máa ń dúró de ọkọ̀ rẹ̀, torí kì í kánjú mọ́ wọn. Á sọ̀kalẹ̀, á bá wọn gbẹ́rù, á dúró títí wọ́n á fi fẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀. Ọkùnrin tí mo fẹ́ nìyẹn.

Díẹ̀díẹ̀ ni nǹkan ọ̀hún bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó da tíì sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀pù. Ó ní ọwọ́ òun ló yẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ó ki bọ́tìnnì kejì bọ ihò kẹta, bẹ́ẹ̀ ló sì fẹ́ gbé e jáde. Tí a bá ń gbàdúrà àárọ̀, òun ló máa ń ka Sáàmù. Mo wá ṣàkíyèsí pé Sáàmù kan náà ló ń kà lójoojúmọ́. Mo ṣí Bíbélì sí ibòmíràn, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyá Tólú, bá wa kà á lónìí." Mo kà á. Mo ti mọ̀.

Ẹ̀yin ará, mo mọ̀, mi ò sì sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá fẹnu dá a, ó máa di òótọ́. Ọkùnrin tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju ọkọ̀ wíwà lọ, kí ni màá ní kó lọ máa ṣe? Kàkà kí n sọ̀rọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jáde. Ní Sátidé, àti nígbà tí ilé ìwé bá gba họlidé, iwájú ni mo máa ń jókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn èrò á máa fi wá ṣeré pé ìfẹ́ àgbà mà dùn o. Wọn ò mọ̀ pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Màá máa sọ̀rọ̀ bí ẹni ń tàkúrọ̀sọ: "Wo ewúrẹ́ yẹn lọ́wọ́ ọ̀tún." "Kòtò yìí mà tún ti fẹ̀ sí i." "Ọlọ́kadà yìí ò ní sùúrù rárá." Á rọra, á yà fún un. Kò sẹ́ni tó sọ fún ẹnì kejì ohun tí a ń ṣe.

Lọ́jọ́ Sátidé kan ní Ìyìn, ọmọ kan tó ń ti lẹ́sìnnì bọ̀ sáré já sí títì. Mo pariwo, "Bàbá Tólú! Ọmọ!" Ó tẹ bíréèkì, gbogbo wa ta síwájú. Ọmọ náà dúró níwájú ọkọ̀, àárín òun àti báńpà ò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ jọ tàwọn ọmọ kíláàsì mi. Ó he báàgì rẹ̀ tó já bọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó ń bẹ̀ wá! Àwa tó yẹ ká dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Ṣé ẹ rò pé mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà? Rárá o. Àdúrà ni mo gbà. Nígbà yẹn, wọ́n ti ń sọ ní gáréèjì pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti jáde, wọ́n ń dá bọ́ọ̀sì dúró, wọ́n ń yẹ ọkọ̀ wò, wọ́n sì ń yẹ awakọ̀ fúnra rẹ̀ wò. Láràárọ̀, kí ọkọ mi tó lọ, màá gbé ọwọ́ lé bọ́ọ̀sì náà, màá ní, "Olúwa, fọ́ wọn lójú. Kí wọ́n wò ó, kí wọ́n má rí i." Èmi Tíṣà, tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwà rere! Ọkọ mi ò ríran, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kó fọ́ ojú ẹlòmíràn mọ́ tiẹ̀. Ọlọ́run gbọ́ àdúrà yẹn, kò sì ṣe é. Àánú ni kò jẹ́ kó ṣe é. Halelúyà!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan báyìí ni, wọ́n fún àwọn ọmọ ní họlidé ráńpẹ́. Bọ́ọ̀sì kún, a forí lé Ìyìn. Bí a ṣe ń yọ kúrò ní Adó ni mo rí wọn. Ọmọbìnrin kan tó kéré sí Tólú wa ló nawọ́ dá wa dúró. Ó kí wa dáadáa. Ó yí bọ́ọ̀sì po, ó wo táyà, ó ní ká tan iná iwájú àti tẹ̀yìn, ká tẹ bíréèkì, ká jẹ́ kí òun rí wáípà. Ó béèrè agolo tí wọ́n fi ń pa iná, a fà á yọ lábẹ́ àga. Gbogbo rẹ̀ pé. Ọkọ mi kì í fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣeré. Mo ti ń sọ "O ṣé, Jésù" nínú mi.

Ni ọmọ yìí bá ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀. Ẹ bá mi ka nọ́ńbà ọkọ̀ tó wà lódìkejì yẹn."

Ọkọ mi sọ̀kalẹ̀. Ó tún ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe. Ó wo iwájú, ó wò ó, ó wò ó.

Ó ní, "Èwo nínú wọn?"

Ẹ̀yin ará, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

Mo ti ka nọ́ńbà náà tán, ó wà lórí ahọ́n mi. Tí mo bá rọra sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀, ó máa gbọ́, ó mọ ohùn mi láàárín ẹgbẹ̀rún. Ó sì yíjú sápá ọ̀dọ̀ mi, ó ń wá mi. Iwájú ni mo jókòó sí, mo yọrí lójú fèrèsé, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni ọkọ mi ń wò. Ibẹ̀ ló ti ń wá mi. Omi bọ́ lójú mi lójijì. Mo rántí ọmọ tó he báàgì rẹ̀ ní Ìyìn. Mo sọ̀kalẹ̀, mo ní, "Ọmọ mi, kò ríran dáadáa. Ó ti pẹ́. Èmi ni mò ń bá a ríran."

Ọkọ mi ò bú mi. Ó kàn ní, "Ìyá Tólú. Ìwọ?" Ì bá gbá mi létí, kì bá tí dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn èrò kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé afọ́jú ló ń gbé àwọn kiri. Wọn ò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ará Ìyìn kan, oníbàárà wa láti ọjọ́ pípẹ́, sọ̀kalẹ̀, ó di ọwọ́ ọkọ mi mú, ó ní, "Kú uṣẹ́ o, ọmọ mi. Olúwa á là ọ́ lójú." Mo ṣe àmín tó dé ọ̀run.

Ọmọbìnrin ẹ̀ṣọ́ yẹn bá àwọn èrò dá ọkọ̀ mìíràn dúró. Ó gba láísẹ́ǹsì ọkọ mi, ó kọ ìwé fún wa pé kó lọ rí dókítà ojú, kó sì mú èsì wá kí wọ́n tó dá a padà. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló bá wa wa bọ́ọ̀sì padà sílé. Ọmọbìnrin náà ò jágbe mọ́ wa, kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gba nọ́ńbà fóònù mi, ó fa ọkọ mi lọ́wọ́, ó sì fi ọwọ́ náà lé mi lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ọkọ mi ò bá mi sọ ju "ó dáa" àti "rárá" lọ. Láràárọ̀ á dìde, á pọn omi, á fọ bọ́ọ̀sì tí kò lọ ibì kankan. Ọwọ́ ló fi ń wá ìdọ̀tí, á máa fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára bí ẹni ń wẹ ọmọ. Èmi á dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì, màá máa wò ó, màá máa sunkún. Àdúrà mi yí padà. Mi ò pàṣẹ ohun tó máa ṣe fún Ọlọ́run mọ́. Mo kàn ń sọ pé, "Olúwa, ọkọ mi rèé."

Tí mo bá dárúkọ ọsibítù, á dìde kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ní mi ò ní dìde títí yóò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ó wá ní, "Bàbá mi náà lọ sọ́dọ̀ dókítà nítorí ojú. Wọ́n ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i. Èmi ni mo fi ọ̀pá fà á kiri títí ó fi kú. Tí mi ò bá lọ, kò sẹ́ni tó máa sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

Mo mọ bàbá náà, mo mọ ọ̀pá náà, láti kékeré wa. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ sí mi létí rí pé ẹ̀rù ń ba òun. Mo gbé orí lé e nítan, àwa méjèèjì sunkún. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti dárí jì mí.

Lọ́jọ́ kejì fóònù mi dún. Ọmọbìnrin ẹ̀ṣọ́ yẹn ni. "Mọ́mì, ṣé Bàbá ti lọ?" Mo ní rárá. Ó ní kí n gbé fóònù fún un. Ọkọ mi gbọ́ ọ títí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi ohun tí ọmọ yẹn wí: "Bàbá, nínú gbogbo ọkọ̀ tí mo yẹ̀ wò lọ́jọ́ yẹn, tiyín ló pé jù. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ tún dá a dúró." Ẹ wo ohun tí Ọlọ́run fi sẹ́nu ọmọdé! Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí n tó dáná, ọkọ mi ti wẹ̀, ó ti wọṣọ. Ó ní, "Ṣé kò tíì yá?"

Dókítà tan iná sí i lójú, ó yẹ̀ ẹ́ wò pẹ́. Mo di ọwọ́ ọkọ mi mú, ọwọ́ náà tutù bí omi àmù. Dókítà ní kì í ṣe irú ti bàbá rẹ̀ ló ń ṣe é. Ó ní ohun kan ló ṣú sínú ẹyinjú, bí èéfín ṣe máa ń bo gíláàsì àtùpà, iṣẹ́ abẹ sì lè mú un kúrò. Ọkọ mi ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ọkọ mi ní, "Ẹ dákun, ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ẹ̀yin ìyá inú ìjọ yìí gbààwẹ̀ fún wa. Ẹ ò jẹ́ kí n dá jókòó sí kọ́rídọ̀ ọsibítù lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ. Ojú ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì tú báńdéèjì. Mo dúró níwájú rẹ̀ nínú aṣọ tó fẹ́ràn jù. Ó ṣẹ́jú, omi ń dà. Ó wò mí, èmi gan-an ló wò. Mo ń retí kó pariwo orúkọ Jésù. Ó ní, "Ìyá Tólú, ìgbà wo ni irun rẹ funfun báyìí?"

Mo rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi ní kí n rọra. Ó nawọ́ kan ewú náà, ó ní ó yẹ mí. Ẹ̀yin ará, ó yẹ mí o! Ẹni tó bá ní kí n lọ fi dáì kùn ún, kó máa lọ ilé rẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n ṣe ojú kejì. Dókítà ní kó sinmi, ó sinmi. Ó fún un ní gíláàsì, ó sì kọ̀wé pé ó lè wakọ̀. A mú ìwé náà lọ. Wọ́n ní kó ka nọ́ńbà ọkọ̀, ó kà á, ó tún ka ti ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò bi í. Wọ́n dá láísẹ́ǹsì rẹ̀ padà fún un.

Mo wá dúpẹ́ nítorí ọkọ mi. Mo tún wá dúpẹ́ nítorí ọmọ kan tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀, tó ń lọ sílé ìwé ní Ìyìn. Kò mọ̀ pé Ọlọ́run dá ẹ̀mí òun sí. Ẹ bá mi gbàdúrà fún un. Ẹ bá mi gbàdúrà fún ọmọbìnrin ẹ̀ṣọ́ yẹn, tó ń dúró nínú òjò àti oòrùn, tí àwọn èèyàn ń ṣépè fún. Èmi náà wà lára wọn, kí Olúwa foríjì mí. Tó bá sì jẹ́ ìwọ lo mọ ohun tó ń ṣe ẹni rẹ, tí ẹ̀rù ń bà ọ́ láti sọ ọ́, dákun, sọ ọ́.

Ògo ni fún Ẹni tó dá wa dúró lójú ọ̀nà kí jàǹbá tó dá wa dúró. Ẹ bá mi yọ̀! Bọ́ọ̀sì wà níta lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹ̀yin tí ẹ ti Ìyìn àti Ìgèdè wá bá wa dúpẹ́ lónìí, ẹ má wá ọkọ̀ kiri. Bàbá Tólú ló máa gbé yín délé. Ẹ wọlé, ẹ kún un, ká jọ kọrin lọ títí dé Ìgèdè.