Irúgbìn Tí Fadékẹ́ Sè

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Fadékẹ́ ò tíì pé ọdún kan tó ti há a lọ́fun. Lónìí, bó dùn bó korò, ó gbọ́dọ̀ jáde. Ó fa àga sún mọ́ Hassanat lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Barakallahu, nílẹ̀ Haúsá, níbi tí àwọn opó méjèèjì jọ ń gbé, tí wọ́n jọ ń gbin òdòdó tà. Ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi, jókòó. Èmi ni mo ṣe é.”

Kí ló ṣe? Ẹ máa gbọ́. Hassanat fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ tọ́jú ìyá rẹ̀. Ojú ìyá ti ń ṣe bàìbàì, àwọ̀ yẹ́lò nìkan ni wọ́n ṣì ń rí kedere. Mègádì ilé kan ní Malali wá fún Hassanat ní ẹ̀kúnwọ́ irúgbìn òdòdó kúkúrú kan tó máa ń tẹ́ sórí ilẹ̀ bí ẹní, tí yẹ́lò rẹ̀ ń tàn yòò. Hassanat ní, “Wallahi, ọjọ́ tí èyí bá tanná ni mo máa gbé e relé. Iwájú ilé màámi ni mo máa gbìn ín sí.” Ó kó o lé Fadékẹ́ lọ́wọ́, torí ohun tí Fadékẹ́ bá gbìn kì í kú.

Èèpo irúgbìn yìí le koko. Omi gbígbóná tí wọ́n ti sọ̀ kúrò lórí iná ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí kó tó lè hù. Fadékẹ́ mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà lókè òkun, Haúsá ni gbogbo àdúgbò ń sọ, tí Hassanat bá lọ, ta ni yóò máa kí i káàárọ̀? Ló bá bu díẹ̀ nínú irúgbìn náà kaná, ó sè é bí ẹni ń se ẹ̀wà, ó wá gbìn ín. Kò hù. Ó tún bu òmíràn sè lẹ́ẹ̀kejì, kò mà tijú! Ìyá á pè lórí fóònù pé, “Ṣó ti hù?” Hassanat á ní, “Ó kù díẹ̀, màámi.”

Nígbà tó yá, Hassanat fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ ìwọ̀nba tó kù. Mẹ́jọ hù. Ayọ̀ ò jẹ́ kó lè jókòó. Ọ̀sán ọjọ́ tí Hassanat lọ sí Kakuri, Fadékẹ́, ìkà ènìyàn, da omi híhó sí ìdí gbogbo wọn. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé, ó ní, “Ooru oṣù kẹrin yìí ni,” ó sì tún bá a sunkún. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ìyá kú.

Hassanat padà dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn fídáù ogójì ọjọ́. Ó ní, “Mi ò níbi tí mò ń lọ mọ́. Ìwọ nìkan ló kù fún mi.” Ọ̀rọ̀ yẹn ni Fadékẹ́ ò lè gbé mì.

Ó ro gbogbo rẹ̀ fún Hassanat tán, ó wá kúnlẹ̀ báyìí. “Ẹ̀rù àdáwà ló bà mí. Jọ̀ọ́, foríjì mí.”

Omi ń bọ́ lójú Hassanat, kò nù ún.

“Mo foríjì ẹ́, nítorí Ọlọ́run. Àmọ́ Fadékẹ́, yàrá kan wà lófo nílé yìí. Ká ní o lanu sọ pé kí n má lọ ni, ǹ bá ti lọ mú màámi wá síbí.”