Ẹ̀yìn Ti Di Iwájú Nínú Ìwé Ṣedli

Bíríkì ni mò ń dín lọ́jọ́ náà, Munji, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ìyẹ̀fun pelebe rẹ̀, mo fọ́ ẹyin méjèèjì, tèmi àti tirẹ̀, sínú rẹ̀ ni, òróró ti ń hó, ni Ṣedli ẹ̀gbọ́n rẹ bá ké sí mi láti yàrá pé, "Nejiba, sáré wá o, wọ́n fẹ́ sin ọkùnrin yìí láàyè!" Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, mi ò lè fi òróró gbígbóná sílẹ̀ nítorí ìsìnkú inú ìwé Ítálì. Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin há ojú ìwé náà, ó jáde wá jẹun, ó ní a ó jọ kà á parí lọ́jọ́ Sátidé. Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Nígbà tí Sátidé yóò fi dé, òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbé jáde nínú ilé yìí.

Ṣé ò ń gbọ́ mi? Má wo ife kọfí yẹn, èmi ni kí o wò.

Ta ló rán ọ níṣẹ́? Mo ní, ta ló rán ọ? Opó ni mí, inú ilé ni mo jókòó sí bí ẹ̀sìn ṣe ní kí n jókòó, ìwọ wá dé, o ní, "Àǹtí Nejiba, ẹ jẹ́ kí n bá yín palẹ̀ yàrá ẹ̀gbọ́n mi mọ́," mo tún ń ṣàdúrà fún ọ! Ọgbọ̀n ọdún ni Ṣedli fi kó àwọn ìwé aláwòrán yẹn jọ. Ìtàn òkú, ìtàn iwin, ìtàn obìnrin tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀, kò sí èyí tí wọ́n kọ ní Lárúbáwá nínú wọn. Ti Ítálì ló pọ̀ jù, èyí tí àwọn atukọ̀ ń fi sílẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti Palẹ́mò dé. Àwọn kan jẹ́ ti Sípéènì. Ọ̀kan wà tó jẹ́ ti Gíríìkì, tí òun gan-an ò lè ka ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Bó bá rí irú wọn lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní Òpópónà Dabaghin, á kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, á wo èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó ṣì dúró, á wo etí ojú ìwé rẹ̀ bóyá ẹnìkan ti gé e. Ọkùnrin tí kì í nu bàtà ara rẹ̀ o! Òun ló ń fi búrọ́ọ̀ṣì nu eruku lójú iwin.

Nínú gbogbo Tunis, Baba Kemayis lo rí kó wọn lọ bá, baba tó jẹ́ pé láti kékeré, Àlùkùránì àti ìwé àdúrà nìkan ló ń fi awọ dì!

Kí lo ní? Ẹ̀bùn ni? Mo mọ̀ pé ẹ̀bùn ni, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó burú! Ká ní olè ni, ǹ bá ṣẹ́pè, ara á sì tù mí.

Ó ya gbogbo èèpo wọn dànù, ìwọ lo sì ní kó ya á, nítorí ojú ń tì ọ́ pé àlejò á rí àwòrán egungun òkú lẹ́yìn ìwé. Ó gé etí wọn kí wọ́n lè dọ́gba. Kí télọ̀ gé ṣòkòtò ọdún rẹ náà títí yóò fi dọ́gba! Ó kó gbogbo wọn pọ̀ di ìwé ńlá mẹ́ta, ó fi awọ aláwọ̀ ewé bò wọ́n, ó fi wúrà tẹ òdòdó sí wọn lára. Wòlóhì, ó rẹwà, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó wá dì wọ́n bó ṣe ń di gbogbo ìwé láyé rẹ̀, kí wọ́n máa ṣí láti apá ọ̀tún bíi ti Lárúbáwá. Ìwé Ítálì, Munji! Ìwé tí wọ́n ń ti apá òsì kà! Bí o bá ti ṣí i báyìí, òpin ìtàn lo máa kọ́kọ́ bá pàdé.

O ò sì kó wọn wá fún mi ní kọ̀rọ̀. Ọjọ́ àdúrà ogójì lo kó wọn kalẹ̀ lójú ẹbí. Àáfà rí awọ ewé, ó rí wúrà, ó ṣebí Àlùkùránì ni, ó mú ọ̀kan, ó fi ẹnu kò ó, ó gbé e kan iwájú orí, ó ṣe bísímílà, ó ṣí i. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń kán lẹ́nu rẹ̀ ló ń wo Àáfà. Àáfà pa ìwé dé jẹ́jẹ́, ó ní olóògbé fẹ́ràn ìmọ̀ púpọ̀, ó ní kí wọ́n bu kọfí sí i fún òun. Mo tẹ orí mi ba sínú abọ́ kúsúkúsù. Wọ́n rò pé ẹkún ni mò ń sun.

Tíkẹ́ẹ̀tì yẹn dà? Ìyẹn ni mò ń bi ọ́ láti àárọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin. O ò rí i? Baba Kemayis ńkọ́? Ó gbá a mọ́ pàǹtí, àbí? Ibi tí ọkọ mi kàwé dé láyé nìyẹn o, ẹ sì gbá a mọ́ pàǹtí!

Ó tó, má sunkún sí mi lórí tábìlì.

Níbo lò ń kó wọn lọ? Dúró, Munji. Gbé àpò yẹn sílẹ̀. Kí Baba Kemayis tú wọn, kó tún wọn dì, kó tún gé etí wọn lẹ́ẹ̀kejì? Fi wọ́n sílẹ̀, mo ní!

Mo wo ọ̀kan nínú wọn lánàá. Mi ò gbọ́ Ítálì, àwòrán ni mò ń wò, mo sì ń ṣí i láti ọ̀tún bí mo ṣe ń ṣí ìwé látìgbà tí mo ti dáyé. Mo rí ìtàn ọjọ́ yẹn, mo mọ̀ ọ́n nítorí irunmú ọkùnrin inú rẹ̀, ó jọ tìrẹ. Wọ́n kọ́kọ́ ń kó yẹ̀pẹ̀ kúrò lórí pósí. Wọ́n gbé e padà sílé. Ó dìde lórí ilẹ̀, ó jókòó sórí àga. Ìyàwó rẹ̀ gba ife májèlé lọ́wọ́ rẹ̀, ó rọ ọ́ padà sínú ìgò, ó dé e. Oúnjẹ wà níwájú ọkùnrin náà, ó kún, ó ń rú èéfín. Ibẹ̀ ló parí sí.

Mo rẹ́rìn-ín, Munji. Èmi nìkan, nínú yàrá yẹn, títí ikọ́ fi dé.

Lọ sọ fún Baba Kemayis pé mi ò tíì dárí jì í, kó má sì fọwọ́ kan ìwé mi mọ́. Ìwọ náà, nu ojú rẹ. Ìwé mẹ́ta náà á wà lórí pẹpẹ bẹ́ẹ̀, wọn ò ní èèpo àtijọ́ wọn mọ́, wọn ò ní etí mọ́. Bí mo bá sì ń dín bíríkì nísinsìnyí, ẹyin kan ni mò ń fọ́.