Ẹmu Inú Búrẹ́dì Ààwẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi fún ọdún mẹ́ta gbáko. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé Bàbá tó tọ́ mi ń lọ sí Mẹ́kà. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni yóò wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kánò, ibẹ̀ ni wọ́n á ti wọ ọkọ̀ òfurufú. Ó ti ní kí n kọ orúkọ ẹnì kan fún òun sórí ìwé. Bí mo bá kọ ọ́ bó ṣe fẹ́, irọ́ mi ni yóò gbé dé ilẹ̀ mímọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ọmọ onígbàgbọ́. Bàbá tó bí mi kú nígbà tí mo ṣì kéré. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó ní ilé búrẹ́dì lẹ́yìn ibùdó rélùwéè ní Agége, ló mú mi sọ́dọ̀. Òun ni mò ń pè ní Bàbá. Mùsùlùmí ni, mùsùlùmí tòótọ́, ṣùgbọ́n kò fìgbà kan sọ pé kí n má lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, òun gan-an ló máa ń pariwo mọ́ mi pé, "Ìyá Oníwèé, agogo yín ti dún o, kí lo ṣì ń wò?" Ìyá Oníwèé ni orúkọ tó fún mi, torí pé bí mo bá ń gbálẹ̀, ìwé wà lábẹ́ abíyá mi.

Òun ló rán mi dé kọ́lẹ́ẹ̀jì gíga. Ìmọ̀ kẹ́mísírì ni mo lọ kà, pàápàá ẹ̀ka rẹ̀ tó ń wádìí ohun tó ń lọ nínú ara ohun abẹ̀mí, èyí tí àwọn olùkọ́ wa ń pè ní bayokẹ́mísírì. Obìnrin méjì péré la jẹ́ láàárín àwọn ọkùnrin. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Bàbá, ó ní, "Ṣé dókítà ni yóò sọ ọ́ dà?" Mo ní rárá. Ó ní, "Kò burú, ṣáà rí i pé o mọ̀ ọ́n."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ wa, òyìnbó kan tó ga tó rù, kán ẹmu ẹ̀kán kan sórí gíláàsì pẹlẹbẹ. Ó tì í sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó ní kí n wò ó. Yéè! Mo rí wọn! Wẹ́wẹ́, roboto, àìmọye, wọ́n ń yọ ọmọ lára! Olùkọ́ ní yíìsì ni wọ́n. Ó ní àwọn ló ń jẹ ṣúgà inú ẹmu tí ẹmu fi ń hó tó fi ń di ọtí, àti pé ìbátan wọn ló wà nínú agolo tí àwọn oníbúrẹ́dì ń rà. Mo kígbe. Àwọn ọkùnrin fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, mi ò bìkítà. Láti kékeré ni mo ti ń wo búrẹ́dì tó ń wú nílé wa, mi ò sì mọ̀ pé ohun ẹlẹ́mìí ló ń gbé e sókè!

Ẹ má bínú, inú mi tún ti ń dùn bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ìyẹn gan-an wà lára ohun tó ń bà mí lẹ́rù.

Kí ẹ lè mọ bí ẹ̀ṣẹ̀ mi ti tó, ẹ gbọ́ èyí. Nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ìwé kékeré, ọ̀kan nínú àwọn tó ń po fúláwà fi abọ́ ilé búrẹ́dì mu ẹmu. Ó ṣan abọ́ náà o, ó fi bu omi sínú fúláwà. Bàbá gbọ́ nípa rẹ̀. Kò lu ọkùnrin náà, kò bú u. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, kí wọ́n sin gbogbo fúláwà tí wọ́n ti pò, iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan. Àwọn èèyàn ní ó ti ya wèrè. Ó dá wọn lóhùn pé, "Ẹni tó gba búrẹ́dì lọ́wọ́ mi ò bi mí ní nǹkan kan. Ó fọkàn tán mi ni." Mo dúró níbẹ̀. Etí mi yìí ni mo fi gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìsinmi gígùn bọ́ sí ìgbà òjò, mo wá sílé. Ààwẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́ta, kò sì sí yíìsì ní gbogbo ìlú. Wọ́n ní ọkọ̀ òkun tó ń kó o bọ̀ kò tíì gúnlẹ̀ sí Àpápá. Àwọn oníbúrẹ́dì Agége ń yan ohun kan tí wọ́n ń pè ní búrẹ́dì. Bí o bá sọ ọ́ lu igi máńgòrò, èso á já bọ́. Bàbá ò tilẹ̀ yan tirẹ̀. Ó jókòó sórí àpò fúláwà, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ọdọọdún ló máa ń gbé búrẹ́dì sàráà ránṣẹ́ sí mọ́sáláṣí fún àwọn tó ń ṣínu, ọdún náà ni kò ní rí i ṣe.

Ara mi ò gbà á mọ́. Mo gbé ìgò, ó di Ìfàkò, ọ̀dọ̀ Àkànní adẹ́mu. Ó rí mi, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ oníbúrẹ́dì, ìwọ náà ti bẹ̀rẹ̀?" Mo ní iṣẹ́ ilé ìwé ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo na owó sí i, ó kọ̀ ọ́. Ó ní, "Tó bá jẹ́ ti ìwé ni, máa gbé e lọ. Èmi ò kàwé, jẹ́ kí ẹmu mi kà á."

Mo da ẹmu òkè nù, mo ṣẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ kù, torí ibẹ̀ ni yíìsì pọ̀ sí. Mo fi omi sísè tó ti tutù ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta. Mo bu ṣúgà àti fúláwà fún un jẹ nínú ìkòkò kékeré kan, mo gbé e pamọ́ sẹ́yìn igi ìdáná. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ gbà mí! Ó ti hó títí ó fi gbé ọmọrí sókè! Èmi nìkan ń jó lẹ́yìn igi, mo fọwọ́ bo ẹnu kí wọ́n má baà gbọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé àánú Bàbá nìkan ló ṣe mí. Ká má purọ́, mo fẹ́ rí i bóyá yóò wú. Mo sì mọ̀ pé tí mo bá bi Bàbá, yóò ní rárá. Torí náà ni mi ò fi bi í.

Mo dà á sínú ìgò kan tí mo mú wálé láti kọ́lẹ́ẹ̀jì, tó ní ìwé gẹ̀ẹ́sì lára. Mo gbé e fún Bàbá. Mo ní, "Olùkọ́ mi ló fún mi, Bàbá. Yíìsì ni." Ó gbà á, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó wo ojú mi.

"Kò sí nǹkan èèwọ̀ níbẹ̀?"

"Kò sí, Bàbá."

Kò tún bi mí léèrè mọ́. Kíá ló gbé e fún àwọn tó ń po fúláwà.

Búrẹ́dì wú! Ó wú ju ti yíìsì inú agolo lọ, ó funfun, ó rọ̀, ó ta sánsán dé ojú irin. Bàbá ké "Àlàáhù Àkúbárù," ó gbá mi mọ́ra, ìyẹ̀fun kún gbogbo orí mi. Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, èrò ń ti Abúlé Ẹ̀gbá wá. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń bọ́ yíìsì yẹn, kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Nírọ̀lẹ́, èmi fúnra mi ni mò ń ru agbọ̀n sàráà lọ sí mọ́sáláṣí. Lèmọ́mù á jẹ ẹ́, á gbé ọwọ́ lé mi lórí, á ní, "Ìwé á yé ọ." Ẹ̀yin èèyàn, ìwé náà yé mi! Gbogbo ìdánwò tí mo ti ń ṣe láti ìgbà náà ni mo ń yege, bí mo bá sì ti yege báyìí, ọ̀rọ̀ Lèmọ́mù á sọ sí mi lọ́kàn, ẹ̀rù á bà mí.

Láti ìgbà ààwẹ̀ yẹn ni orúkọ ilé búrẹ́dì wa ti ròkè. Bàbá máa ń sọ fún àlejò pé búrẹ́dì ààwẹ̀ ọdún náà ni Ọlọ́run fi ṣí ọ̀nà Mẹ́kà fún òun. Ní gbogbo ìrun ló sì ń ṣàdúà fún olùkọ́ mi. Ṣé ẹ rí i? Òyìnbó tí kò mọ ilé wa, tí kò fún mi ní nǹkan kan!

Lọ́dún yìí tí wọ́n dé ọbabìnrin òyìnbó ládé, àbájáde ìdánwò ìkẹyìn mi jáde. Mo gboyè! Bàbá gbé ìwé náà dé gbogbo ojúlé, kò sì lè kà á. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà máa ń ṣe. Ó ń tọ èèyàn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tọrọ àforíjì. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó kàn mí.

Ó ní, "Ìyá Oníwèé, ó lè jẹ́ pé mo ti bá ọ wí kọjá bó ti yẹ. Nítorí Ọlọ́run, forí jì mí."

Bàbá ló ń bẹ̀ mí! Mo wólẹ̀ lórí eékún, mo bú sẹ́kún. Ó ní bí ohunkóhun bá wà nínú èmi náà, kí n sọ ọ́ kí òun tó lọ. Mo kàn ń sunkún lọ. Ó rò pé ayọ̀ ló ń pa mí lẹ́kún. Ó wá ní, "Kọ orúkọ olùkọ́ rẹ yẹn sórí ìwé fún mi. Mo fẹ́ dárúkọ rẹ̀ nínú àdúà tí a máa ń ṣe ní Àráfà. Kì í ṣe mùsùlùmí o, ṣùgbọ́n ó ṣe wá lóore."

Mo mọ ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi yóò sọ. Wọ́n á ní mo ti ṣan án, iná sì ti lé ọtí lọ, kí ló kù? Èmi náà ti sọ ọ́ fún ara mi tó igba ìgbà. Ṣùgbọ́n Bàbá bi mí léèrè, ó wo ojú mi, mo sì ní kò sí. Ẹ̀yin mùsùlùmí Agége tí ẹ fi búrẹ́dì yẹn ṣínu, ẹ jọ̀ọ́, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, obìnrin tí mo jẹ́. Ẹ forí jì mí.

Bí mo bá sọ ọ́ fún un, ṣé mi ò ní ba ìrìnàjò tó ti ń fojú sọ́nà fún látọjọ́ yìí jẹ́? Bí mi ò bá sì sọ ọ́, ṣé kí n jẹ́ kó dúró níwájú Ọlọ́run, kó máa dárúkọ ẹni tí kò ṣe nǹkan kan?

Lánàá mo jókòó, mo mú kálámù. Orúkọ òyìnbó ni mo fẹ́ kọ, ọwọ́ mi kọ̀ ọ́. Orúkọ ẹni tó ṣe wá lóore ni mo kọ. "Àkànní, adẹ́mu, Ìfàkò." Ìwé náà ti wà nínú Bíbélì mi báyìí. Bàbá ò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n yóò ní kí n kà á sókè fún òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ dá mi lóhùn kí ó tó di Sátidé: ṣé kí n kà á?